Àwọ̀n Tó Wà Lójú Ìyàwó Wa

Tọ́rọ́ ni wọ́n ń ta ìdì igi ìdáná kan ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu ààrò ẹja lọ. Tọ́rọ́ péré, ẹ̀yin ọmọ mi! Lónìí, bí mo bá gbé tọ́rọ́ lọ bá onígi, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á wá pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wo ohun tí màmá arúgbó kan gbé wá sọ́jà. Mo mọ̀ pé ẹ ò bi mí léèrè igi. Ẹ ní kí n sọ ìdí tí mo fi gba kírímù lọ́wọ́ ọmọ ọmọ mi, èyí tó fẹ́ fi pa àmì dúdú ojú rẹ̀ rẹ́, tí mo sì dà á sínú ṣalángá. Ẹ fara balẹ̀. Igi yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀.

Agbo ilé wa kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Àwọn ọkùnrin ń pẹja, àwọn obìnrin ń yan án. Ẹ̀yìn ilé ni àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan ẹja wà, ààrò amọ̀ tò sábẹ́ rẹ̀. Nítorí afẹ́fẹ́ tó ń ti ọ̀sà wá, ọ̀nà kan náà ni wọ́n kọ ẹnu gbogbo ààrò yẹn sí, kí èéfín má bàa pa ènìyàn. Bí o bá jókòó tì í kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ lè ráyè yí ẹja, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ ló máa kọ sí iná. Kò sí ẹni tó ro nǹkan kan sí i. Bí àwọn ìyá wọn ṣe mọ ọ́n ni wọ́n bá a.

Mo ti ń sáré kiri nígbà tí wọ́n gbé ìyàwó kan wọlé fún ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Nítorí pé wọ́n bí mi sílé kó tó dé, èmi pinnírín, "ìyàwó" ni mò ń pè é, òun ò sì gbọdọ̀ pe orúkọ mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ìyẹn mọ́. Ìyàwó ilé á wo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan, á fún un ní orúkọ tí òun á máa pè é. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Eyínfúnjowó. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Nígbà tó kàn mí, ó wò mí títí. Mo dúdú bí ìdí ìkòkò nígbà náà. Èédú ni àwọn tó kù ń pè mí. Ó ní, "Ìwọ ni Adúmáadán." Òun nìkan ló rí i pé dúdú náà ń dán. Ṣé ẹ rò pé mo lè gbàgbé irú obìnrin bẹ́ẹ̀?

Ọkọ rẹ̀ gbé ọkọ̀ lọ sórí ọ̀sà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọkọ̀ padà wá, ó dojú dé. Àjẹ̀ padà wá. Ọkùnrin náà kò padà, àwọ̀n tó gbé dání kò sì padà. Àwọn ọkùnrin ilé fọ́n sórí omi, wọ́n da àwọ̀n tiwọn, wọ́n ń fà á, wọ́n ń fà á. Ẹja ni wọ́n rí. Ẹja pọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ju bó ṣe máa ń pọ̀ lọ, a yan án, a tà á, a sì jẹ nínú rẹ̀. Mo ti ta ẹja láti ìgbà náà títí dòní, n kò sì tíì dẹ́kun ríronú sí ẹja ọ̀sẹ̀ yẹn.

Wọ́n fi ìyàwó wa sí tákàbà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó kì í jáde síta, tí kì í kun ojú, tí kì í wo mírọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wá gba mírọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn ìyá ilé: wọ́n ní opó ò gbọdọ̀ jáde, wọn ò ní opó ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ilé kì í sì í ṣe ìta. Ni wọ́n bá kó ẹja gbogbo agbo ilé fún un. Àwọn tó kù, tí wọ́n ń bá ara wọn pín iṣẹ́ ààrò tẹ́lẹ̀, gba ọjà lọ. Òun nìkan ló ń jókòó sórí àpótí kan náà, láti ìgbà tílẹ̀ bá ti mọ́ títí wọ́n á fi pe ìrun Mọ̀gàríbà. Mo bi í nígbà kan bóyá kò sú u. Ó ní, "Adúmáadán, kò sú mi. Èéfín dára. Ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn sunkún láìsí ẹni tó máa bi í pé kí ló dé."

Ọjọ́ tó jáde, àwọn ìyá wẹ̀ ẹ́. Wọ́n fọ irun rẹ̀, wọ́n fi kànìnkànìn fọ èéfín kúrò lára rẹ̀, àwa ọmọdé rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ bí eṣinṣin. Ojú ni wọ́n fọ̀ kẹ́yìn. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ ṣe mọ́ ni ìyá ọkọ rẹ̀ ju kànìnkànìn sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ gbà mí o. Ẹ wá bá mi wo nǹkan."

Àwọn ìlà dúdú kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ yẹn, wọ́n ń kọjá lórí ara wọn, ojú ihò kéékèèké láàárín wọn. Kò wú, kò yọ sókè, kò dùn ún. Àwọ̀n gẹ́lẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń hàn sí i.

Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó tutù. Ó ní, "Àwọ̀n ọmọ mi nìyí. Ó ti fi mú un."

Kò sí ẹni tó jiyàn. Ta ló máa jiyàn? Obìnrin wọlé opó pẹ̀lú ojú mímọ́, ó jáde pẹ̀lú àwọ̀n, àwọ̀n ọkọ rẹ̀ náà ni a ò sì rí. Àwọn ìyá wa mọ ìṣirò: wọ́n ro méjì mọ́ méjì, wọ́n bá òkú pàdé.

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ ohun tó rọ̀ mọ́ ọn. Nígbà náà, àbúrò ọkọ ló ń ṣú opó. Bó bá ṣú u, yàrá opó dúró, ọmọ opó dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ṣú u, á padà sílé bàbá rẹ̀, ọmọ ọkọ á sì jókòó sílé ọkọ. Ìyàwó wa ní ọmọbìnrin kan, kò tíì ju ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú lọ. Ọmọ yẹn ni wọ́n gbé ka orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀.

Àbúrò ọkọ yìí, gìrìpá tó máa ń fi ẹnu lásán pa ọ̀nì nídìí ẹmu, wo ojú ìyàwó wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fà sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ foríjì mí. Èmi ò lè bá ẹ̀gbọ́n mi du ohun tó wà nínú àwọ̀n rẹ̀." Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn ó ní ó di ọdún Iléyá. Bí àmì yẹn bá ti kúrò, òun á ṣú u. Bí kò bá kúrò, kó máa lọ. Ọkùnrin tó ń bá ìjì jà lórí omi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló wá ń bà á lẹ́rù!

Ni oògùn bá dé. Ìyàwó kan ní ọṣẹ dúdú àti ọsàn wẹ́wẹ́. Òmíràn ní iyanrìn etí ọ̀sà, kó fi ha á. Àáfà kọ wàláà, wọ́n fọ̀ ọ́ sínú àwo, ó mu ún. Wọ́n ní kó lọ sétí omi, kó bẹ ọkọ rẹ̀ kó tú u sílẹ̀. Ó lọ, ó bẹ̀ ẹ́, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì jẹ́ kí omi kan ẹsẹ̀ mi. Àmì náà kò lọ. Ìgbà yẹn ni obìnrin kan tó máa ń bá ọkọ̀ ojú omi wá láti Èkó yọ agolo kékeré kan. Kò sí ìwé lára agolo náà. Òórùn rẹ̀ ń ta ènìyàn nímú bíi ti yàrá abẹ́rẹ́.

Ó ní, "Ìyàwó, fi pa á fún ọjọ́ díẹ̀, ojú ẹ á bó bí ẹyin."

Àárọ̀ ni ìyàwó wa máa ń pè mí. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò tíì dá mírọ̀ padà, ojú èmi ló fi ń ṣe mírọ̀. Á jókòó sórí àpótí rẹ̀, á na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí mi. "Adúmáadán, wò ó dáadáa. Ṣé ó ti ń lọ?"

Màá fi ìka tọ ipa rẹ̀. "Ó kù níbí. Ó kù níbí náà."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn gbóná lábẹ́ ìka mi. Ọmọdé ni mí. Mo gbà pé ọkùnrin náà ló ń mí lábẹ́ rẹ̀. Màá fa ọwọ́ mi padà, á sì bú sẹ́rìn-ín, á ní kò tíì jẹ ìka ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà á fi ìpara yẹn pa á, á sún àpótí mọ́ ààrò, á máa bá ẹja rẹ̀ lọ. Ẹ dákun, ẹ má gbàgbé èyí tí mo sọ yìí: á sún àpótí mọ́ ààrò.

Ìpara náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa bí ẹyìn, ó kọrin, ó ti ń fi ẹnu dá aṣọ Iléyá fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Awọ ṣí. Ibi tó ṣí yẹn wá dúdú, dúdú tí kò ní ihò láàárín mọ́, ó le, ó nípọn bí èèpá ìdí ìkòkò. Bó ṣe ń dúdú ló ń fi ìpara náà kún un. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní òkú náà ń bínú ni.

Lọ́jọ́ Iléyá, àbúrò ọkọ rẹ̀ wọ agbádá tuntun, ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó wò ó, ó yí padà láìsọ̀rọ̀. Ìyàwó wa gbé ẹran tí wọ́n pín fún un lọ́jọ́ yẹn fún ajá.

Ọ̀nà Ìkòròdú ni ilé bàbá rẹ̀ wà. Ọkọ̀ tó ń lọ sí èbúté Ìpakodò ló wọ̀. Èmi ni mo pọn ọmọ rẹ̀ dé èbúté, nítorí wọ́n ní kó má pọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀ kó má bàa gbé e sá. Ó fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó gbá ọmọ náà ní ìdí pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ lẹ́yìn mi, bí ẹni tó máa padà lọ́sàn-án. Ó wò mí. Ọjọ́ yẹn nìkan ni kò bi mí bóyá ó ti ń lọ.

A ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ dàgbà lọ́wọ́ ìyá bàbá rẹ̀, ìyá àgbà. Tó bá béèrè ìyá rẹ̀, wọ́n á ní bàbá rẹ̀ ló mú un lọ.

Èmi náà dàgbà, ọkọ gbé mi lọ sí Ìgbògbò. Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe bí kò ṣe ẹja? Mo ní kí wọ́n mọ ààrò sẹ́yìn ilé fún mi, gẹ́gẹ́ bí ti Ẹ̀pẹ́. Mo máa ń lọ dúró ní Ìpakodò de àwọn ẹlẹ́ja, gbogbo arúgbó tó bá fi aṣọ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni mo máa ń wò. Nígbà kan, ẹnì kan pe "Adúmáadán!" lẹ́yìn mi. Mo yí padà wìì. Àwọn èrò ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, obìnrin kan ń jà nítorí ṣéńjì, kò sí ẹni tó wò mí. Bóyá ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Ọmọ dúdú pọ̀ láyé. Ṣùgbọ́n ẹja tí mo bá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n kò rà á.

Láìpẹ́ yìí ni ọkọ tèmi kú. Èmi náà ṣe tákàbà. Kò sí ẹni tó kó iṣẹ́ fún mi. Èmi ni mo kó o fún ara mi, nítorí ebi kì í ṣe tákàbà. Mo jókòó sídìí ààrò láàárọ̀, mo jókòó síbẹ̀ lálẹ́. Nígbà tí mo jáde, ọmọ mi obìnrin ya fọ́tò mi sínú fóònù. Ó ní, "Màámi, kí ló ṣe yín lójú?"

Mo wo fóònù yẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ìlà lórí ìlà, ihò kéékèèké láàárín.

Mo ti fi ẹnu mi yìí bú gbogbo ọjà Ìgbògbò, ṣùgbọ́n mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà yẹn. Mo rò ó títí. Mo ní ọkọ mi kò mọ àwọ̀n dì mú. Awakọ̀ tírélà ni láyé rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló wá, ipa táyà ni ì bá fi sí mi lójú. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Mo kọ́kọ́ lọ bá ọmọbìnrin kan tó ń po kírímù ní ojú títì wa. Ojú rẹ̀ pọ́n bíi dòdò, oríkèé ìka rẹ̀ sì dúdú bí èédú.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ní èyí tó ń lé e kíá."

Mo ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Áà, Mọ́mì, àṣírí iṣẹ́ nìyẹn o."

"Bí èmi bá sọ fún ẹ pé àṣírí ni ohun tó wà nínú ikùn ẹja mi, ṣé wà á jẹ ẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ike rẹ̀. Òórùn yẹn jáde. Òórùn agolo tí kò ní ìwé lára. Lójú ẹsẹ̀ mo wà ní Ẹ̀pẹ́, ìka mi wà lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbígbóná. Mo dìde, n kò dúró wọ bàtà mi dáadáa.

Ọmọ mi ló fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá wọ́ mi lọ sí ọsibítù. Dókítà awọ ara tí mo bá níbẹ̀, mo lè bí ìyá rẹ̀. Kò sáré kọ oògùn. Ó yí ojú mi sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Mà, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Ẹja yíyan ni."

"Ẹ̀gbẹ́ wo lẹ máa ń kọ sí iná?"

Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé ìró yín sókè díẹ̀." Mo gbé e. Àwọ̀n kan náà wà lójúgun mi, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, n kò kà á sí nǹkan kan rí. Nígbà náà ni mo rí gbogbo àwọn ìyá wa lábẹ́ àtíbàbà yẹn, tí wọ́n ká ìró sókè nítorí ooru. Gbogbo wọn ló ní i lójúgun! Ìyá mi ní i. Ìyá ọkọ ìyàwó wa gan-an ní i, tirẹ̀ ló sì dúdú jù. Ẹsẹ̀ iná ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sọ ìró kalẹ̀, wọ́n á gba ọjà lọ. Lójú opó nìkan ló ti di òkú.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ní kí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, dókítà: òkú ló mú gbogbo ìyá wa lẹ́sẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, títí kan àwọn tí ọkọ wọn ń hanrun nínú yàrá." N kò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní kì í ṣe ooru tó ń jó awọ ènìyàn bó ló ń fà á. Èyí tí kò tó jó ni, tó wá ń bá awọ lọ lójoojúmọ́. Ó ń yan awọ díẹ̀díẹ̀, ipa ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ ló sì ń mú kó rí bí àwọ̀n. Mo bi í léèrè oògùn. Ó ní, "Ẹ kúrò lójú iná, mà." Ó ní bí mo bá tètè kúrò, ó lè parẹ́ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, bó bá ti pẹ́, ó lè má lọ tán. Kí n má fi ohun tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ pa á. Bí mo bá rí egbò níbẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná, kí n má dúró sílé. Ó ní àmì dúdú ojú kì í ṣe oríṣi kan: èyí tí oyún ń fà wà, ti oòrùn wà, ti irorẹ́ tí ènìyàn tẹ̀ wà. Kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá, kó tó máa lé e.

Mo délé, mo pe bíríkìlà. Mo ní kó yí ẹnu ààrò mi kúrò lójú mi, kó mọ ògiri kékeré sáàárín èmi àti iná. Ó ní, "Ìyá, èéfín á máa dà yín láàmú o." Mo ní kó mú ṣọ́bìrì rẹ̀. Tèmi ti ń ṣá báyìí. Ti ojúgun kò lọ, ìyẹn ti pẹ́ jù.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Gáàsì lẹ fi ń se ọbẹ̀, ẹ ò sì mọ orí àpótí ààrò. Kò sí ẹni tó máa sọ fún yín mọ́ pé òkú ló wà lójú yín. Inú fóònù ni wọ́n ti ń sọ ọ́ báyìí, wọ́n ń sọ fún yín pé ojú yín kò dára tó. Agolo yẹn nìkan ni kò yí padà. Wọ́n kàn lẹ ìwé mọ́ ọn lára ni.

Ọmọ tí mo pọ̀n dé èbúté yẹn ti ní ọmọ ọmọ, ó ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́, ó ń yan ẹja nídìí àwọn ààrò wọ̀nyẹn. Mo pè é lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ tí bíríkìlà ṣe tán. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àpótí, ẹnu ààrò, ojúgun ìyá àgbà. Mo ní, "Bàbá ẹ ò mú ẹnikẹ́ni. Iná ni."

Mo gbọ́ tí àpótí ha ilẹ̀, ó ń sún un kúrò nídìí ààrò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èló ni bíríkìlà yẹn gbà lọ́wọ́ yín?"

Mo sọ fún un. Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.